Ǹjẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Kọjá Àsọtẹ́lẹ̀ Ló Dáńgájíá Jù?

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá wà lọ́wọ́ mi lórí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: iye akẹ́kọ̀ọ́, iye olùkọ́, owó tí wọ́n ná, àti ìdá àwọn tó yege nínú ìdánwò àṣejáde. Mo fi kọ̀ǹpútà ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ohun tó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí èsì jáde, àwọn kan kọjá àsọtẹ́lẹ̀, àwọn kan kò dé ibẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n fi èyí to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà láti orí èyí tó dáńgájíá jù títí dé èyí tó ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣòfò. Ṣé ọ̀nà yìí tọ́? Ṣé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá sì tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Àsọtẹ́lẹ̀ tí a fi ìṣirò ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ gidigidi láti mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ohun díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ yìí, kì í ṣe ìdáńgájíá ni ẹ wọ̀n. Ohun tí ẹ wọ̀n ni bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ìdáńgájíá, bí ọ̀gá yín bá sì fi to ilé-ẹ̀kọ́ láti ipò kìíní dé ìkẹyìn, àwọn tí kò jẹ̀bi yóò ru ẹ̀bi, àwọn tó ń fi ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò yóò sì gba ìyìn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àsọtẹ́lẹ̀ àti èsì kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ fi ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà ló ń fún un ní ìtumọ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn mi dúró lé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ká sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ìdá àwọn tó yege níbẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 82, 81, 83, 82 àti 82 láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ilé-ẹ̀kọ́ Kìíní. Òmíràn, Ilé-ẹ̀kọ́ Kejì, gba 41, 43, 42, 44 àti 43. Bí ẹ bá fa ìlà gba àárín àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí títí dé ọdún kẹfà, àsọtẹ́lẹ̀ ti Ìkíní yóò jẹ́ nǹkan bí 82, ti Ìkejì yóò sì jẹ́ nǹkan bí 44. Èsì wá jáde: Ìkíní gba 82, Ìkejì gba 47. Kọ̀ǹpútà yóò sọ pé Ìkíní ṣe déédéé, Ìkejì sì fi 3 kọjá. Ṣùgbọ́n kí ni a ti wá mọ̀ nípa ìdáńgájíá àwọn méjèèjì? A kò tíì mọ nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ tó mókè jù lọ nínú ìdánwò àṣewọlé ni Ìkíní ń gbà, tí ó sì yẹ kí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn yege bí iṣẹ́ bá ń lọ bó ti yẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń pàdánù 8 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ nítorí pé lọ́dọọdún ló ń pàdánù wọn, àdánù náà ti wọnú àsọtẹ́lẹ̀ lọ, ó ti di ara ohun tí a ń retí, kò sì sí bó ṣe lè fojú hàn nínú ìyàtọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọmọ tó ń fi ẹ̀ẹ́dú sàmì gíga rẹ̀ sára ògiri lọ́dọọdún: àmì náà ń sọ bó ṣe ń dàgbà sí, kò lè sọ bóyá ó ga tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jó àjórẹ̀yìn tún burú ju èyí lọ. Bí ó bá gba 70, tí ó tún gba 67, 64 àti 61 ní ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀ yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ 58 fún un. Bí ó bá wá gba 59, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọjá ohun tí a retí, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti pàdánù 11 nínú ọgọ́rùn-ún yóò sì wà lókè nínú tábìlì ọ̀gá yín, ju èyí tó dúró gbọin-gbọin lórí 82 lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ da irú àsọtẹ́lẹ̀ yìí nù o. Ó wúlò láti fi mọ iye àga àti olùkọ́ tí a ó nílò lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì wúlò láti fi mọ̀ pé ohun kan ti yí padà lójijì níbì kan. Kò wúlò láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ibo ló wá yẹ kí àsọtẹ́lẹ̀ tó fẹ́ wọn ìdáńgájíá ti bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ ọmọ tó wọlé ni. Ní ọdún 1966, James Coleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 600,000, wọ́n sì rí i pé ilé tí ọmọ ti wá ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ máàkì ju ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn kan gbà láti inú èyí pé ilé-ẹ̀kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1979, Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ girama 12 ní London, ó sì hàn níbẹ̀ pé lẹ́yìn tí a bá ti ro ohun tí ọmọ gbé wọlé mọ́ ọn, ìyàtọ̀ gidi ṣì wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan àti òmíràn. Méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ ń fi nǹkan kún ohun tí ọmọ gbé wá, àmọ́ àfikún yẹn kéré sí ohun tí ọmọ gbé wá, bí a kò bá sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, èyí tó tóbi yóò bo èyí tó kéré mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le láti lóye. Ẹ kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ yín jọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tó gbé wọlé àti máàkì tó fi jáde. Ẹ wo gbogbo ọmọ tó gbé 55 wọlé, níbikíbi tí wọ́n ti kàwé, kí ẹ sì wá ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fi jáde. Bí ó bá jẹ́ 60, a jẹ́ pé 60 ni àsọtẹ́lẹ̀ fún ọmọ tó gbé 55 wọlé. Ọmọ tó gba 66 fi 6 kọjá, èyí tó gba 57 fi 3 dín. Ẹ ro ìyàtọ̀ gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan pọ̀, kí ẹ pín in sí iye wọn, ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn ìpín náà ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní àfikún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Báyìí gan-an ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Progress 8 ṣe ń ṣiṣẹ́ ní England láti ọdún 2016: wọ́n ń fi máàkì tí ọmọ gbà nígbà tó fi wà ní ọmọ ọdún 11 wé ohun tó gbà nínú iṣẹ́ mẹ́jọ nígbà tó pé 16, wọ́n sì ń fi ọmọ náà wé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó bẹ̀rẹ̀ ní ibi kan náà. Òdo túmọ̀ sí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe bí àwọn yòókù ṣe ṣe. +1 túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ fi gíréèdì kan kọjá nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní ìpíndọ́gba.

Bí a bá fi ojú yìí wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa méjèèjì, tí ohun tí àwọn ọmọ gbé wọlé sì sọ pé ó yẹ kí Ìkíní gba 90, kí Ìkejì gba 40, a jẹ́ pé Ìkíní fi 8 dín, Ìkejì sì fi 7 kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo òbí ń sáré wá ni ó ń fi ọmọ ṣòfò. Irú nǹkan báyìí kì í hàn sí ẹni tó ń wo èsì ìdánwò nìkan.

Níbí ni ìbéèrè tó le jù ti yọjú: kí ni kí a fi sínú àsọtẹ́lẹ̀, kí sì ni kí a yọ kúrò níbẹ̀? Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò lágbára lé lórí gbọ́dọ̀ wọlé, irú bíi máàkì tí ọmọ gbé wá, ọjọ́ orí rẹ̀, àti èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ẹ bá fi iye ọjọ́ tí olùkọ́ pa iṣẹ́ jẹ sínú àsọtẹ́lẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í wá síṣẹ́ yóò gba àsọtẹ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀, yóò dé ibẹ̀ láìlàágùn, ẹ ó sì ti fọwọ́ ara yín dárí jì í. Mo ti rí ìṣirò tó dára lójú, tí ó ṣàlàyé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì jẹ́ pé ìdí tó fi ṣàlàyé wọn ni pé ó ti ka gbogbo àìṣedéédéé sí ohun tó yẹ ní rírétí.

Àríyànjiyàn gidi wà lórí ipò òṣì tí ọmọ ti wá. Láti 2006 ni ìjọba England ti ń ro ìyẹn mọ́ òṣùwọ̀n wọn, wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn 2010, wọ́n ní ó ń sọ ìrètí kékeré di ohun tó bófin mu fún ọmọ tálákà. Àwọn tó takò wọ́n ní bí a kò bá rò ó mọ́ ọn, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ tálákà ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ní tèmi, ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kí a ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kí a sì fi méjèèjì hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ipò rẹ̀ yí padà gan-an láàárín méjèèjì kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹ yára dá lẹ́jọ́.

Títí di ìsinsìnyí, àfikún nìkan ni mo ń sọ, mi ò tíì mẹ́nu ba ohun tí a ná láti rí i. Ìdáńgájíá jẹ́ àfikún tí a rí lórí ohun tí a ná. Ní 1978, Abraham Charnes, William Cooper àti Edwardo Rhodes gbé ọ̀nà kan jáde tí ó ń wá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí ẹni tó fi ohun tó kéré sí tiwọn ṣe iṣẹ́ tó tó tiwọn, tí ó sì ń wọn bí àwọn yòókù ṣe jìnnà sí àwọn aṣáájú wọ̀nyí. Ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá pọ̀, tí oríṣi ohun tí ẹ ń rò sì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò jáde ní aṣáájú, nítorí pé olúkúlùkù yóò rí ohun kan tí kò sẹ́ni tó bá a dọ́gba níbẹ̀. Èkejì, àṣìṣe kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ owó lè sọ ilé-ẹ̀kọ́ kan di aṣáájú èké tí gbogbo àwọn yòókù yóò máa jẹ̀bi lójú rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré máa ń náwó jù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí ìnákúnàá, bí kò ṣe pé olùkọ́ físíìsì kan ni yóò gba, yálà ọmọ 12 ló ń kọ́ tàbí 40. Ẹ fi ilé-ẹ̀kọ́ kékeré wé kékeré.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun rárá, ẹ wo àwọn ọmọ tó sọnù lọ́nà. Ẹ ní ìdá àwọn tó yege nínú ìdánwò àṣejáde wà lọ́wọ́ yín. Ìdá àwọn wo? Ká ní ọmọ 100 wọ kíláàsì kìíní, tí 60 jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, tí 54 sì yege. Ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò kéde pé 90 nínú ọgọ́rùn-ún yege, irọ́ kọ́ ló sì pa. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí òbí fi lé e lọ́wọ́, 54 ni ó mú dé èbúté. Ọ̀nà tó yá jù láti kọjá àsọtẹ́lẹ̀ ni kí a rọra lé àwọn ọmọ tí kò mókè lọ sílé kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, bí a bá sì ń fi ẹ̀bùn tàbí ìjìyà tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, àwọn kan yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

UNESCO ní ọ̀nà kan tó ti pẹ́ fún èyí, mo sì fẹ́ kí ẹ lò ó. Ọdún tí ọmọ lò ni a ń kà, a kì í ka ọmọ nìkan. Ká ní ẹ̀kọ́ girama jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ọmọ 100 wọlé. Ọgbọ̀n nínú wọn kúrò láìparí, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn jẹ́ ọdún 90. Àwọn 70 tó kù parí, àmọ́ 50 nínú wọn tún kíláàsì kan kà, nítorí náà ọdún 470 ni gbogbo wọn lò dípò 420. Ẹ ro 90 mọ́ 470, yóò jẹ́ 560. Ká ní kò sí ẹni tó tún kíláàsì kà, tí kò sì sí ẹni tó kúrò, ọdún 420 ni à bá lò láti rí ẹni 70 tó parí. Ẹ pín 420 sí 560, yóò jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Lédè mìíràn, ọdún mẹ́jọ ni ó ń gbà láti mú akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà, owó oṣù olùkọ́ àti àyè nínú kíláàsì sì ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún mẹ́jọ náà.

Ibí yìí gan-an ni àsọtẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rere. Bí ẹ bá mọ ìdá àwọn tó ń gòkè, ìdá àwọn tó ń túnkà àti ìdá àwọn tó ń kúrò ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi wọ́n tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀tì tó wọlé lọ́dún yìí títí dé òpin, kí ẹ sì mọ iye àwọn tí yóò jáde kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ó tún rí kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń sọnù jù. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ti ń kúrò, ohun tí ẹ ó ṣe àtúnṣe sí kò pọ̀, ẹ sì ti mọ ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni mo rò pé ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ gbọ́ jù. Ká tilẹ̀ ní àwọn olùkọ́ kò yí padà, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èsì yóò ṣì máa yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, nítorí pé sẹ́ẹ̀tì kan kì í rí bí èkejì. Ọmọ kan ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò, òmíràn pàdé ìbéèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ní alẹ́ àná. Ẹ rántí pé Ilé-ẹ̀kọ́ Kejì fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá àsọtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Bí ọmọ 50 bá ni ó ṣe ìdánwò níbẹ̀, ọmọ kan tàbí méjì péré ni 3 yẹn. Ṣé orí ọmọ kan tàbí méjì ni a ó gbé ilé-ẹ̀kọ́ kan lé tí a ó fi pè é ní aláápọn?

Ìṣirò wà fún èyí. Ká ní ìyàtọ̀ láàárín máàkì ọmọ àti àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fọ́n ká ní ìwọ̀n 12. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọmọ 36 nínú kíláàsì àṣejáde, ẹ ó pín 12 sí 6, nítorí pé 6 lọ́nà 6 ni 36. Yóò jẹ́ 2. Ìlọ́po méjì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ni ààlà tí a sábà máa ń lò. Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá fi 3 kọjá, òtítọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láti -1 dé +7, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kọjá rárá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọmọ 144, ẹ ó pín 12 sí 12, yóò jẹ́ 1, ààlà tirẹ̀ yóò sì jẹ́ láti +1 dé +5. Nọ́ńbà 3 kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, àmọ́ ìkejì nìkan ni a lè sọ ohun kan nípa rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú tábìlì tí a kò fi ààlà sí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ló máa ń kún orí òkè, àwọn ni wọ́n sì tún ń kún ìsàlẹ̀. Thomas Kane àti Douglas Staiger fi èyí hàn kedere ní Amẹ́ríkà ní 2002. Ẹni tó bá wo òkè nìkan yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré dára jù. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan yóò sọ òdì kejì rẹ̀. Àtúnṣe tó wà ni pé kí a ro ọdún mẹ́ta pọ̀, kí a sì fa nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò pọ̀ súnmọ́ àárín, níwọ̀n bí ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ ṣe kéré tó. Ìṣirò onípele, tó mọ̀ pé inú ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ wà, tí Harvey Goldstein àti àwọn mìíràn mú gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹ má sì yà á sí iṣẹ́ ìyanu bí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́dún yìí bá gòkè lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Francis Galton ti rí i láti 1886 pé ohun tó bá jìnnà gan-an sí àárín lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń súnmọ́ àárín nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀.

Bí a bá ní kí a sọ àsọtẹ́lẹ̀ jìnnà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òbí tó ń yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀ lónìí fẹ́ mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe rí nígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ jáde, èsì tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ti wọlé láti ọdún pípẹ́. Ní 2009, George Leckie àti Harvey Goldstein ṣe ìṣirò yìí lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní England, wọ́n sì rí i pé nígbà tí a bá fi gbogbo àìdánilójú sínú rẹ̀, díẹ̀ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ tí a lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Ẹ béèrè bóyá ọdún mẹ́wàá tó. Fún ìlà tí a ń fà láti inú èsì ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, nọ́ńbà mẹ́wàá kéré gan-an. Àwọn ọ̀nà tó díjú, bí èyí tí George Box àti Gwilym Jenkins gbé jáde ní 1970, ń fẹ́ ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, bí ẹ bá sì tì wọ́n wọlé tipátipá, kọ̀ǹpútà yóò fún yín ní ìdáhùn tó gún régé lójú, tí kò sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ dán àsọtẹ́lẹ̀ yín wò báyìí: ẹ fi ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn pamọ́, ẹ fi méje tó ṣáájú ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wọn, kí ẹ sì wo bí ẹ ṣe ṣìnà tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣìnà yẹn wé ti ẹni tí kò ṣe ìṣirò kankan, tó kàn sọ pé bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá ni yóò ṣe rí lọ́dún yìí. Bí ọ̀nà yín kò bá ṣe dáadáa ju tirẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀. Fún òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ, ọdún mẹ́wàá pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ẹ ní máàkì ìwọlé àti ìjáde wọn tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ kò ní, tí ẹ gbọ́dọ̀ wá, ni máàkì ìwọlé yẹn.

Ẹ tún yẹ àárín ọdún mẹ́wàá yẹn wò bóyá ìdánwò yí padà níbẹ̀. Nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ọmọ England kò ṣe ìdánwò ọmọ ọdún 11 ní 2020 àti 2021, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a lè ṣírò Progress 8 fún àwọn tó ń parí ní 2025 àti 2026: kò sí ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2020 yẹn kan náà, nígbà tí ìdánwò àwọn àgbà kíláàsì kò wáyé, Ofqual, àjọ tó ń ṣàkóso ìdánwò níbẹ̀, gbára lé èsì tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti gbà sẹ́yìn láti pín gíréèdì A-level fún àwọn ọmọ. Nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún gíréèdì ni ó rẹlẹ̀ sí èyí tí àwọn olùkọ́ dábàá. Ọmọ tó mókè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì ní irú rẹ̀ rí kò lè gba ohun tó tọ́ sí i, nítorí pé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní àyè fún un. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ni èsì jáde. Nígbà tó fi di ọjọ́ 17, wọ́n ti fà á sẹ́yìn, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ní ohun tí olùkọ́ dábàá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àsọtẹ́lẹ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ di ìdájọ́ lórí ọmọ kan, láé.

Ní ti tábìlì tí ọ̀gá yín ń fẹ́, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe to ilé-ẹ̀kọ́ ní kìíní, kejì, ẹ̀kẹta. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí gbogbo ààlà wọn wà lókè òdo fún ọdún mẹ́ta tí ẹ rò pọ̀, àwọn tí gbogbo ààlà wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti àwọn yòókù, tí wọn yóò pọ̀ jù, tí a kò sì lè sọ pé wọ́n yàtọ̀ sí àárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọmọ tí ẹ kà, àfikún pẹ̀lú ààlà rẹ̀, iye ọdún tó ń gbà láti mú akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde, àti owó tí wọ́n ná lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ lò. Bí ọ̀gá yín bá ní òun ṣì fẹ́ ipò, ẹ fi hàn án pé ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ipò kẹwàá àti èyí tó wà ní ipò ogójì lè pààrọ̀ àyè lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú kíláàsì wọn.

Ọ̀nà kìíní àti ìkejì nínú mẹ́ta yẹn ni kí ẹ rán ènìyàn lọ bẹ̀ wò, nítorí nọ́ńbà lè sọ ibi tó yẹ kí a wò, kò lè sọ ohun tó fà á. Kí àwọn tó ń lọ mú orúkọ àwọn ọmọ tó kúrò láàárín kíláàsì kìíní àti ìdánwò àṣejáde dání, kí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n wà, pàápàá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lókè òdo.